Ẹ̀KỌ́: ÌWÉ ÌWÀÁSÙ ÀTIJỌ́
Ẹ kà: 2 Tímótíù 4:13

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, inú túbú ni Pọ́ọ̀lù wà tó fi ránṣẹ́ sí Tímótíù pé kó bá òun kó ìwé òun wá. Ikú ti sún mọ́ ọn, síbẹ̀ kò gbàgbé ìwé. Àwa ńkọ́?

Ìwàásù lédè Yorùbá ti pẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, Samuel Ajayi Crowther fi Lúùkù 1:35 wàásù ní Freetown ní Sàró. Ní 1884 odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Ṣùgbọ́n ní 1889 Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà. Pobè àti Sakété bọ́ sápá Faransé, Faransé sì lọmọ wa ń kà nílé ìwé. Ìwé Yorùbá àtijọ́ tó bá ṣòfò lọ́wọ́ wa, òmíràn ṣòro í rí.

Nítorí náà, bí àgbà onígbàgbọ́ bá kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ di àkàrà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí, kí ẹ yẹ àpótí rẹ̀ wò. Ìwé ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni o, ti Áńgílíkà ni o, bó ti wù kó ya tó, ẹ gbé e síbi gbígbẹ, kí ikán má bàa dé ibẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ìlú àti ọdún sínú bébà ọ̀tọ̀, kí ẹ fi sínú rẹ̀.

Oníwàásù ti dákẹ́. Ìwé rẹ̀ ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí a lè pa á mọ́. Àmín.