Oúnjẹ Baálẹ̀

Ibi Kíkà: Nehemiah 5:1-19

Ète Ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè yẹ ara rẹ̀ wò nípa bí ó ti ń lo ipò tí a fi í sí.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Àkóso ilẹ̀ Persia. Ìjọba Persia tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọba nìkan kò lè fi ojú tó o. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìkì, kọ ọ́ pé Dariusi Kìn-ín-ní, ẹni tí ó jọba láti 522 sí 486 ṣáájú Kristi, pín in sí ọ̀nà 20. Ó fi baálẹ̀ jẹ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ó sì dá iye owó òde tí wọn yóò máa san lọ́dọọdún. Talenti fàdákà 350 ni ti ìpín tí ilẹ̀ Juda wà nínú rẹ̀. Baálẹ̀ ni ń gba owó náà, òun ni ń dá ẹjọ́, òun ni ń pa ìlú mọ́. Lábẹ́ àwọn baálẹ̀ ńlá wọ̀nyí ni àwọn kéékèèké wà, irú èyí tí Nehemiah jẹ́ ní Jerusalemu.

2. Ẹrù àwọn ènìyàn. Owó ọba nìkan kọ́ ni ará ìlú ń san. Àwọn náà ni ń bọ́ baálẹ̀: wọn a mú oúnjẹ, wáìnì àti ogójì ṣekeli fàdákà wá. Àwọn ìránṣẹ́ baálẹ̀ pàápàá ń jẹ gàba lé wọn lórí (ẹsẹ 15). Nígbà tí ìyàn mú, àwọn kan yá owó láti fi san owó òde. Wọ́n fi oko dógò, ọmọ wọn sì di ẹrú (ẹsẹ 3-5).

3. Ìwà Nehemiah. Ọdún 12 ni ó fi ṣe baálẹ̀, láti 445 ṣáájú Kristi, kò sì jẹ oúnjẹ baálẹ̀. Òfin kò kọ̀ ọ́ fún un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Síbẹ̀ 150 ènìyàn ń jẹun lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí ebi ń mú kí àwọn ẹlòmíràn pàdánù ilẹ̀ wọn, òun kò ra ilẹ̀ kankan (ẹsẹ 16). Ṣuṣani, ìlú ọba, jìnnà sí Jerusalemu. Ojú ọba kò tó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Nehemiah mọ̀ pé ojú Ọlọ́run tó o.

4. Ẹ̀kọ́ fún wa. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ gba owó ọ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ohun tí ó tọ́ sí wa, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí yóò san án. Ìwọ tí a fi ṣe olórí ẹgbẹ́, nígbà tí a bá dá owó nítorí ayẹyẹ rẹ, ǹjẹ́ o mọ opó tí ó lọ yá tirẹ̀ kí ojú má bàa tì í?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ìdí méjì wo ni Nehemiah kò fi jẹ oúnjẹ baálẹ̀? (ẹsẹ 15 àti 18)
2. Owó wo ni à ń dá nínú ìjọ wa tí ó wúwo jù fún àwọn aláìní?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, yan ẹ̀tọ́ rẹ kan tí ó ń ni ẹlòmíràn lára, kí o sì yọ̀ǹda rẹ̀.