Bí Kọ̀ǹpútà Kò Bá Rí Díìsìkì Tí Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Wà Nínú Rẹ̀ Mọ́



Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti kó àkọsílẹ̀ àjẹṣẹ́kù, owó ìpín àti ẹ̀yáwó kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá nù, ẹni tí ó ti san gbèsè rẹ̀ tán kò ní ẹ̀rí, ẹni tí kò sì san lè ní òun ti san. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí Windows kò bá rí hard disk, tí a ó máa pè ní díìsìkì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé àìrí kì í ṣe ìparun. Lẹ́jà ní ojú ewé níwájú tí ó ń tọ́ka sí ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà. Bí ojú ewé yìí bá ya, ìṣirò owó ṣì wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni díìsìkì rí. Bí Windows bá ní kí ẹ “format” rẹ̀ kí ẹ tó lò ó, ẹ má ṣe gbà. Format kì í ṣe àtúnṣe. Láti ìgbà Windows Vista ní ọdún 2007, format kíkún a máa fi òdo kọ gbogbo ojú díìsìkì, ohun àtijọ́ a sì parẹ́.

Ẹ tẹ̀lé ètò yìí:

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ sì ki í bọ ihò USB mìíràn. Díìsìkì kékeré tí a ń gbé káàkiri ń gba iná láti inú USB. Ńlá oní-íǹṣì 3.5 ní wáyà iná tirẹ̀.

2. Ẹ gbìyànjú kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá rí i, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

3. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú X, kí ẹ yan Disk Management. Bí díìsìkì bá wà níbẹ̀ láìní lẹ́tà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Change Drive Letter and Paths, ẹ sì fún un ní lẹ́tà. Bí a bá kọ Offline, ẹ sọ ọ́ di Online. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ RAW tàbí Not Initialized, ẹ dúró! Ẹ má tẹ ohunkóhun. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

4. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Àwo inú díìsìkì ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa á kíá, nítorí yíyí kọ̀ọ̀kan lè ba ojú àwo náà jẹ́ sí i. Ẹ má ṣe tú u.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Síbẹ̀, ààbò tòótọ́ ni ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà níta ọ́fíìsì, kí ìgbìmọ̀ sì rí i kí a ṣí i ní ìpàdé oṣooṣù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ẹ̀dà mélòó ni ẹgbẹ́ yín ní? Ta ni ó ṣí i wò kẹ́yìn?