Kí Ni Ó Pa Wọ́n? Ẹ̀kọ́ Kan lórí Kíka Ikú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rìn láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, tí ó sì kọjá sí Emùré, yóò rí ìwé ìkéde òkú lára ògiri àti lára òpó iná. Àwòrán olóògbé wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti àwọn àna rẹ̀ wà níbẹ̀, àti aago tí ìsìn ìsìnkú yóò bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a kì í sábà rí, èyíinì ni ohun tí ó pa á. Bí a bá tilẹ̀ mẹ́nu kàn án, “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” ni a ó kà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àìsàn ránpẹ́ kì í ṣe àrùn. Kò sí oníṣègùn tí ó mọ oògùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọba tí ó lè ya owó sọ́tọ̀ láti dènà rẹ̀.

Èdè wa mọ ọ̀nà púpọ̀ láti sọ̀rọ̀ ikú láìdárúkọ rẹ̀. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àgbàlagbà a máa papò dà, a sì máa wí pé ó ti re ibi àgbà ń rè. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí Ṣànpọ̀nná bá pa, a kì í sunkún rẹ̀ ní gbangba. Ọpẹ́ ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń dá, nítorí ẹ̀rù Olóde, àwọn abọrẹ̀ ni ó sì ń sin òkú náà. A kò kẹ́gàn èdè ọ̀wọ̀ yìí, nítorí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yẹ ní ìtùnú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó tu ẹni tí ó kù nínú kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ó ti ṣe é tí ẹlòmíràn kò fi ní tẹ̀ lé e. Ṣànpọ̀nná pàápàá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń ka àwọn tí ó mú, tí wọ́n sì ń bu abẹ́rẹ́ fún àwọn tí ó yí wọn ká, ni a rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà; ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Kíka ikú kì í ṣe iṣẹ́ oníṣègùn nìkan. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, àwọn akọ̀wé ìjọ a máa tẹ ìwé kan jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń sọ iye òkú àti ohun tí ó pa wọ́n. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ John Graunt kó àwọn ìwé wọ̀nyí jọ, ó ṣírò wọn, ó sì tẹ ìwé lé wọn lórí ní 1662. Ó ṣírò pé nínú 100 ọmọ tí a bí ní ìlú náà, nǹkan bí 36 ni yóò kú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ikú ọmọdé jẹ́ àkọsílẹ̀ fún ilẹ̀ wa nìkan.

Ìṣirò náà kò le, ẹni tí ó bá ti dé kíláàsì karùn-ún lè ṣe é. Ká ní abúlé kan ní 2,000 ènìyàn, tí 30 sì kú lọ́dún. Ká ní ìlú kan ní 20,000, tí 200 sì kú. Ẹni tí ó ń ka pósí yóò wí pé ìlú ni ikú ti ń jà jù. Ṣùgbọ́n bí a bá pín iye òkú sí iye ènìyàn, 15 ni ó kú nínú 1,000 ní abúlé, 10 péré ni ó kú nínú 1,000 ní ìlú. Síbẹ̀ èyí nìkan kò tó, nítorí ọjọ́ orí a máa da ìṣirò rú. Ní Jàpáánì ní 2023, nǹkan bí ènìyàn 13 ni ó kú nínú 1,000, iye tí kò jìnnà sí ti Nàìjíríà. Ṣé bákan náà ni a wá wà ni? Rárá o. Àwọn arúgbó ni ó pọ̀ jù nínú òkú ti Jàpáánì. Nínú òkú tiwa, ọmọ ọwọ́ pọ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ikú ọmọdé lọ́tọ̀: nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, mélòó ni kò dé ọdún márùn-ún?

Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi yé wa pé 132 ni. Ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn, 187 ni. Ní apá tiwa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, 62 ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi 62 yìí yangàn, nítorí bí a bá ṣírò rẹ̀, ọmọ kan nínú 16 ni. Àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ kò sì lè rí wọn nínú ìwé ìpè ọmọ ilé-ìwé, nítorí nígbà tí ọmọ bá fi tó ọdún mẹ́fà, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti la ibi tí ọ̀nà ti burú jù kọjá. Àwọn tí kò là á kọjá kò jẹ́ “àbọ̀” fún olùkọ́ kankan.

Àwọn baba wa ní ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn. Ara orúkọ ọmọ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòkúmọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Kòsọ́kọ́ ti mọ̀ pé a ti fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ nínú ilé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orúkọ àbíkú ń sọ fún wa pé ikú wá, ó sì tún padà wá. Kò sọ irú ikú tí ó jẹ́. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó gbé àbùdá àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde sínú ara láìṣàìsàn. Bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ọmọ lè kó o lọ́nà kan nínú mẹ́rin. Ìdí kan nìyí tí ikú fi ń padà sí ilé kan náà, tí kò sì ya ilé kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbíkú ni àrùn yìí pa. Ibà pa nínú wọn, ìgbẹ́ gbuuru pa nínú wọn, òtútù àyà pa nínú wọn, àrùn tí ń mú àgbọ̀n ọmọ tuntun le láti ara ọ̀bẹ ìdọ̀tí tí a fi gé ìwọ́ rẹ̀ sì pa nínú wọn. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital ní Iléṣà tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn. Ó rí i pé èèyí, tí àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí àrùn kékeré, jẹ́ apani ńlá láàrin àwọn ọmọ wa. Kíkà ni ó fi mọ̀.

Ìwádìí tí ó kan iṣẹ́ wa jù lọ, ilẹ̀ Èkìtì níbí ni a ti ṣe é. I. O. Orubuloye àti John Caldwell ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. Wọ́n mú ìlú méjì tí ó jọ ara wọn, Ìdó tí ó ní ilé ìwòsàn àti Ìsínbọ̀dé tí kò ní, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá: ọmọ mélòó ni ẹ bí, mélòó ni ó wà láàyè? Níbi tí ilé ìwòsàn wà nítòsí ṣùgbọ́n tí ìyá kò kàwé, iye ọdún tí a lè retí pé kí ọmọ tuntun lò láyé fi 20 nínú 100 ga ju ti ibi tí kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Níbi tí ìyá ti kàwé ṣùgbọ́n tí kò sí ilé ìwòsàn, ó fi 33 ga. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, 87 ni. Ẹ ro 20 mọ́ 33, kí ẹ wò ó bóyá ó tó 87. Àlàyé Caldwell ni pé kì í ṣe owó ni ìwé fún ìyá náà, bí kò ṣe ẹnu àti ẹsẹ̀: ó lè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ìyá ọkọ, bí oògùn kò bá sì ṣiṣẹ́, ojú kì í tì í láti padà lọ.

Níti àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti wọ àwọn ìlú wa, ẹni tí ó sì ṣubú lójijì tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ayé ni a ń dá lẹ́bi. Àrùn ọkàn ni ó ń pa ènìyàn jù lọ ní gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ àròkọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rò. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹni tí ó bá sì lọ béèrè nípa ọmọ tí ó kú gbọ́dọ̀ mọ ẹnu sọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ó kú ní ọjọ́ kẹta kò ní orúkọ, a kò ṣe òkú rẹ̀, a kò sì lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri. A ó wí fún ìyá rẹ̀ pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Nígbà tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá iye ọmọ tí ó bí, ó lè fò ó. Ìwádìí 2023 sí 2024 fi hàn pé ikú ọmọdé ti dín kù sí 110 nínú 1,000 ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nínú 110 yìí, 41 ni kò pé oṣù kan láyé. Àwọn tí ikú ń pa jù ni àṣà wa kì í kà.

Òfin 1992 sọ ọ́ di dandan kí a forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì tíì lọ rí. Bí kò bá sí oníṣègùn níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kú, àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà míràn: wọn a bi àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ léèrè. Ọjọ́ mélòó ni ó fi ṣàìsàn? Ara rẹ̀ ha gbóná bí? Ó ha ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé? Gìrì ha mú un? Bí ó bá jẹ́ ọmọ tuntun, ó ha ké nígbà tí a bí i? Láti inú ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó pa á. Ọjọ́ tí ó kú gan-an ni a ó kọ sínú ìwé náà, kì í ṣe ọjọ́ tí a sin ín.