Àròkọ Aṣàlàyé: Ètò Ìrìn-àjò Òpin Ọ̀sẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Àjẹ̀

Àkíyèsí: Ètò ni ìbéèrè yìí fẹ́, kì í ṣe ìtàn. Sọ ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ: Ọkọ̀ àjẹ̀ mẹ́rin ni a ó wà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èjìnrìn, ìlú ọjà àtijọ́ létí ọ̀sà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó padà ní ọjọ́ Àìkú. Apẹja tí ó mọ ọ̀nà ni yóò ṣíwájú. Ọkọ̀ tí ó lọ́ra jù ni a ó fi díwọ̀n ìrìn wa, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wà lójú omi. Bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ọ̀sà, a ó dúró títí yóò fi ká. Olúkúlùkù yóò wọ ẹ̀wù amúniléfòó, nítorí òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó ti gúnlẹ̀.