Ẹ̀rọ Ìlagi Kì í Kánjú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń la igi ní Mákùn-Omi, ẹ̀yin ti Ìwòpín àti Àbígí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ tuntun bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ òsì mi. Ìka ìfábẹ̀lá mi kò ní èékánná mọ́. Orí rẹ̀ ti lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi àáké la igi, àáké kò mú nǹkan kan lára mi àfi awọ àtẹ́lẹwọ́. Oṣù keje tí mo ní ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ gba owó-orí tirẹ̀.

Igi ìtá ni mò ń là lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, èmi ń gbé igi kalẹ̀. Ìyá kan tó ń yan ẹja wá ná igi. A ná an títí, ó dé iye tí mo ń fẹ́, ni mo bá dá ìyá lóhùn pé, "Ó yá." Ọmọ náà gbọ́ "ó yá", ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ṣì wà ní ìdí igi. Mo rí irin ẹ̀rọ bó ṣe ń bọ̀ o! Mo rí i kedere, mo sì rò pé àyè ṣì wà. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, ọmọ ò ṣe àìgbọràn. Èmi tí mo pín iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹni méjì ni mo jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé igi kalẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mi náà ni yóò fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn lè máa kó èyí tó ti là, kó máa tò ó, ṣùgbọ́n kó dúró níbi tí apá rẹ̀ kò ti lè tó ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ igi ni kí ẹ ti gbé e, ẹ má ti orí tàbí ìdí gbé e. Bó bá ti jókòó dáadáa, ẹ yọ ọwọ́, ẹ wo ọwọ́ méjèèjì pé ẹ rí wọn, kí ẹ tó fa nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ ná igi, ẹ pa ẹ̀ńjìnnì kí ẹ tó dá a lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí kò pọ̀: kì í kánjú, ìyẹn gan-an ló sì fi ń tan èèyàn. Bí àáké bá gòkè, àwọn tó dúró nítòsí á sún sẹ́yìn fúnra wọn, ewúrẹ́ pàápàá á yà. Irin ẹ̀rọ ń rìn bí ìgbín, kò sì sẹ́ni tó ń sá fún ìgbín. Ẹ ó máa rò pé bó bá kù díẹ̀ ẹ ó fa ọwọ́ yọ. Bó bá ti kan igi ni igi ń yí, tí ń fò, tí ń há, ìka tó wà láàárín kò sì ní ráyè yí padà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ̀ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì wọ inú sìlíńdà. Ọ́ìlì kò ṣeé fún mọ́ra bí afẹ́fẹ́, nítorí náà ó máa ti irin tó wà níwájú rẹ̀ dandan. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe àgádágodo, Joseph Bramah, ló gba ìwé-àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1795. Jáàkì mẹkáníìkì, típà tó ń da yanrìn, katapílà tó ń la títì, ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn. Afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fún sínú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ lórí géèjì. Ọ́ìlì inú ẹ̀rọ wa máa ń tó 2,500 lórí irú géèjì yẹn. Bí sìlíńdà bá fẹ̀ tó íńṣì 4, agbára tó ń jáde níwájú irin lé ní tọ́ọ̀nù 14. Ẹ rò ó bí ìgbà tí típà tó kún fún yanrìn bá gun orí ìka kan ṣoṣo.

Igi kò jọra, ẹni tó fi àáké kẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí ọmọ tuntun kọ́kọ́ di àáké mú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mẹ̀línà, irú èyí tí wọ́n gbìn nígbó Ọmọ lápá J4 nítorí ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwòpín, máa ń là wẹ́rẹ́. Ìtá kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dún kó tó là, ẹ fún un láyè. Èyí tó ní kókó, ẹ yí i kí irin má baà kọ lu kókó tààrà. Ẹ má la igi ní ìbú láé. Igi ní ọ̀nà tó gbà hù, ẹ jẹ́ kí irin bá ọ̀nà yẹn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fọ́ jáde bí ìgbà tí ìbọn bá ró. Kí orí àti ìdí igi tẹ́jú. Èyí tí wọ́n gé ní gẹ̀rẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó gé e. Ọ̀pẹ àti àgbọn, ẹ má tilẹ̀ gbé wọn dé ibẹ̀: fọ́nrán ni gbogbo inú wọn, wọ́n á kàn rún mọ́ irin lára. Bí igi bá há, ẹ dá irin padà sẹ́yìn. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á, ẹ má sì gbé igi mìíràn tì í.

(Ẹ bi ẹni tó ń tà fún yín léèrè ibi tó ti rí igi. Igbó ọba ni igbó Ọmọ láti ọdún 1925, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tí ayé ń dáàbò bò lọ́dún 1977. Erin ṣì ń gbé ibẹ̀. Igi tí ẹ kò lè sọ ibi tó ti wá, ẹ jẹ́ kó kọjá.)

Irin tí kì í kánjú ni ọ̀tá àkọ́kọ́; ọ̀tá kejì kò ṣeé rí. Họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì ní wáyà irin nínú. Bí oòrùn bá jẹ rọ́bà òde rẹ̀, tàbí tó bá ń ha ara irin, ó lè lu ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ọ́ìlì á sì máa tú níbẹ̀ bí ìrì. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni pé kí èèyàn fi ọwọ́ tọ́ họ́ọ̀sì láti mọ ibi tó ti ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ́ìlì yẹn á gun awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́ dókítà. Ojú rẹ̀ á dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, kì í dunni púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, onítọ̀hún á nu ọwọ́, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ọwọ́ ti wú, ẹran inú rẹ̀ ti ń kú. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín ọwọ́ tí wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ gbà là àti ọwọ́ tí wọ́n máa gé. Kí ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí má fi àdí pa á, kó má dúró ní kẹ́mìsì. Kó gba ilé ìwòsàn ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì là á mọ́lẹ̀ fún dókítà pé ọ́ìlì ẹ̀rọ ló gún òun wọ inú ara. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ojú egbò kékeré ni wọ́n máa fi wò ó.

Páálí ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò. Ẹ ya páálí gbọ̀ọ̀rọ̀, ẹ fi igi gígùn mú un, ẹ gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀sì. Ibi tí ọ́ìlì bá ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni. Ẹ pa ẹ̀ńjìnnì, kí ẹ ti ọwọ́ ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn kí agbára tó kù nínú ọ́ìlì jáde tán, kí sípánà tó kan ohunkóhun. Họ́ọ̀sì tó jò, ẹ ra tuntun. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi túùbù kẹ̀kẹ́ wé bí ẹni wé ọgbẹ́. Túùbù kò lè dá 2,500 dúró. Fáàfù kan sì wà tó máa ń dá ọ́ìlì padà bí agbára bá fẹ́ pọ̀ jù. Wẹ́dà tó bá ní òun máa fún un le sí i kí ẹ̀rọ lè lágbára, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ.

Ọ́ìlì háídírọ́líìkì tí wọ́n kọ 46 sí lára ni mò ń lò nínú ooru tiwa yìí. Ọ́ìlì búréèkì á jẹ rọ́bà inú sìlíńdà. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú sílẹ̀, ìdọ̀tí ni, pọ́ǹpù á sì lọ irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ mọ́ ara. Àárọ̀ ni kí ẹ wo géèjì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, nígbà tí irin bá ti padà sẹ́yìn tán. Bí pọ́ǹpù bá ń ké fíìn, ọ́ìlì ti dín. Bí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n létí omi wa níbí. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ pààrọ̀ fíltà. Ẹ má dà á sínú ọ̀sà o, ibẹ̀ ni ẹja tí à ń yan ti ń wá. Ní ti fíltà, mo ń pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí 25, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 100. Irin dídán tó ń jáde nínú sìlíńdà, ẹ máa nù ún, ẹ fi tapólì bò ó. Bí ìpẹtà bá bu ojú rẹ̀, òun ló máa ya rọ́bà.

Ilẹ̀ yanrìn wa rọ̀. Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú àgọ́ nítorí òjò: èéfín ẹ̀ńjìnnì ń pa èèyàn gẹ́gẹ́ bí ti jẹnẹrétọ̀. Bẹntiróòlù, ó di ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì bá tutù kí ẹ tó dà á sí i, kó sì jìnnà sí iná àwọn ìyá tó ń yan ẹja.

Ní tèmi, ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láìwọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí kò sì ní awò tó bo ojú, igi ló máa máa tò. Kò ní fa okùn ẹ̀ńjìnnì mi.