Bóòtì Tó Yọ̀ Nínú Ẹ́ńjìnì: Ẹ Má Fi Gọ́ọ̀mù Bò Ó Mọ́lẹ̀

Bí bóòtì bá ti yọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, tó ń yí lófìfo tí kò le mọ́, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má wé ọ̀rá pure water mọ́ ọn. Ẹ má ta gọ́ọ̀mù sínú ihò rẹ̀. Ẹ má fi òòlù gbá bóòtì tó tóbi jù ú lọ wọlé. Ọgbọ́n wọ̀nyí kò ju kí mọ́tò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ wo Camry tí a ń pè ní Big Daddy, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 2.4 tí Toyota sọ ní 2AZ-FE. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀; irin líle ni bóòtì 10 tó di tọ́ọ̀pù sílíńdà mú. Eyín inú búlọ́ọ̀kù yẹn a máa jẹ, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbi tí ojú kò tó, bóòtì á dẹ̀, omi rédíétọ̀ á sì máa jò. Toyota fúnra rẹ̀ padà mú kí eyín ihò náà gùn sí i, láti nǹkan bíi mílímítà 24 sí 30. Kí ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa? Wọn á pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, wọn á dá bóòtì àtijọ́ padà sínú ihò tó ti jẹ, wọn á sì sọ fún oní-mọ́tò pé gáskẹ́ẹ̀tì ayédèrú ló rà. Irọ́ gbáà ni! Gáskẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe iṣẹ́ eyín tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohun tó yẹ ni ká lu ihò náà fẹ̀, kó dúró ṣánṣán, ká gé eyín tuntun sí i, ká sì wọ irin eléyín bíi Time-Sert sínú rẹ̀. Ká má ṣe é fún ẹyọ kan tó jẹ, ká fi mẹ́sàn-án tó kù sílẹ̀. Ó gba owó, ó gba àkókò, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dúró. Bóòtì tọ́ọ̀pù sílíńdà yẹn, wọ́n ṣe é kó nà díẹ̀ nígbà tí a bá ń dè é ni. Èyí tó ti nà kọjá ìwọ̀n, ẹ sọ ọ́ nù. Kí ẹ tó dè é, ẹ fẹ́ ihò náà gbẹ. Omi tàbí ọ́ìlì tó bá kù sísàlẹ̀ kò níbi tí yóò gbà, búlọ́ọ̀kù ni yóò là.

Ti bóòtì tó kán sínú ihò tún wà. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: páìpù tí ẹ ń fi gùn spánà ló ń ṣẹ́ bóòtì tó ti dógùn-ún. Ẹ rọ ọ́ìlì sí i, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá kán náà, ẹ má sáré ki extractor, irin tí a fi ń yọ bóòtì tó kán, bọ̀ ọ́. Irin rẹ̀ le gan-an, ó ṣòro kí bíìtì dírìlì yín tó lè lù ú. Bó bá ṣẹ́ sínú ibẹ̀, ẹ ti sọ wàhálà kan di méjì. Ẹ pe wẹ́dà tó mọṣẹ́ kó jó nọ́ọ̀tì mọ́ orí èyí tó kù. Ẹ ṣọ́ra fún iná lára alumíníọ̀mù o: ìwọ̀n 660 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló ń yọ́, kì í sì í pọ́n kó tó yọ́. Ẹ tú ọ̀nà epo bẹntiróòlù kúrò nítòsí kí iná tó tàn. Ẹ wọ gíláàsì nígbà tí ẹ bá ń lu irin, torí ojú kò ní sípéà.

Ẹ̀yin oní-mọ́tò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kí mẹkáníìkì tó dé tọ́ọ̀pù sílíńdà padà, ẹ ní kó fi ihò bóòtì kọ̀ọ̀kan hàn yín. Bó bá ní kí ẹ lọ, kí ẹ padà wá nírọ̀lẹ́, ẹ fa àga, kí ẹ jókòó.