Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Àwòrán Jẹun

Ayàwòrán aládàáni kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà méjì ni owó sábà máa ń gbà wọlé fún un. Àkọ́kọ́ ni àwòrán inú ìwé: òǹkọ̀wé, ilé iṣẹ́ ìwé tàbí ìwé ìròyìn ló máa gbé iṣẹ́ wá, wọn á sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọn á dá ọjọ́, iṣẹ́ náà á sì jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Èkejì ni àwòrán orí káńfáàsì tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ilé ìpàtẹ: ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló máa ro ohun tó fẹ́ yà, kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ fún un, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì máa wà láyé. Owó ti àkọ́kọ́ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tètè dé. Owó ti èkejì lè pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan, kí òmíràn má sì dé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ka iṣẹ́ inú ìwé sí iṣẹ́ ẹni tí kò tíì rọ́wọ́ mú, wọ́n ń fi ìkánjú ṣe é kí wọ́n lè padà sídìí káńfáàsì. Àṣìṣe ńlá ni.

Àwọn tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Àìná Ọnàbólú sí ní 1882. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní Èkó nígbà tó ń fi àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya ojú ènìyàn. Ní 1906 ló ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, nígbà tí kò tíì sí ilé ìpàtẹ àwòrán kankan ní Èkó. Ó ti dàgbà dáadáa kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London ní 1920. Nígbà tó parí ní 1922, ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ọnà, àwọn gbajúmọ̀ ìlú sì ń sanwó fún un láti ya ojú wọn. Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìṣèlú fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937. Orúkọ Lash ló ń kọ sábẹ́ àwọn àwòrán náà. Ọwọ́ kan náà ló fi ọ̀dà ya Ajaka of Owo ní 1944. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tó fi Èkó ṣe ilé, ya àwòrán sínú An African Night's Entertainment ti Cyprian Ekwensi ní 1962, ó sì ya ti ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Olùkọ́ ọnà ni ní St. Gregory's College láti 1963 títí di 1980, iṣẹ́ ìpàtẹ tirẹ̀ kò sì dúró.

Kò sí èyí tó fojú kéré iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn mọ bí ìlà mẹ́rin ṣe ń sọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ogún ìlà sọ. Ẹni tó ya àwòrán sínú ìtàn ẹlòmíràn ti kọ́ láti ka èrò tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ó ṣòro kí ayàwòrán tí kò dá ọjọ́ fún ara rẹ̀ rí tó lè parí ogún àwòrán fún ìpàtẹ kan.

Ohun tí ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò ni àkókò. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni kó fi yàwòrán orí káńfáàsì, nítorí àwọ̀ tí wọ́n bá pò lábẹ́ gílóòbù lálẹ́ máa ń yí padà bí ilẹ̀ bá mọ́. Iṣẹ́ inú ìwé lè dúró di ọ̀sán tàbí alẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, tí iná wà. Ẹni tó bá ń gbé irú ìlú kékeré bí Ìbẹ̀fun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ní àǹfààní tí ará Èkó kò ní: owó yàrá kò wọ́n, ariwo kò pọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n lè tẹ́ káńfáàsì ńlá sí kò ṣòro rí. Àmọ́ Èkó ni ilé ìpàtẹ wà. Nítorí náà, kó máa pa ìrìnnà pọ̀: kó gbé iṣẹ́, kó ra ọ̀dà, kó rí òǹkọ̀wé, kó sì wo ìpàtẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìrìn kan. Àwòrán tó bá tóbi ju ọkọ̀ lọ ni kó tú kúrò lára igi, kó ká a mọ́ páìpù ńlá, kí ojú ọ̀dà sì wà níta. Bí wọ́n bá ká a sínú, ọ̀dà á fún pọ̀, á sì sán bí wọ́n bá tún tú u.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni ìyà ti ń jẹ ọ̀dọ́ jù. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìdílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì á kọ ìwé ọmọdé, á ní, "Àbúrò, bá mi ya àwòrán díẹ̀ sí i, a ó jọ sọ ọ́." Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀dọ́ á gbà, kò ní béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwòrán mẹ́jọ ti di mẹ́rìnlélógún, ọmọbìnrin inú ìtàn ti pààrọ̀ gèlè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, owó kò sì tíì sí nílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n náà burú. Kò mọ̀ pé àtúnṣe kan ni iṣẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ gba ìwé náà, kí ó kà á tán, kó tó dárúkọ owó. Ìwé ọmọdé sábà máa ń ní ojú ewé 32, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ àwòrán ńlá. Kíkà yẹn ni yóò jẹ́ kó mọ iye tí ó máa yà, èyí tó máa gba ojú ewé méjì, àti ibi tí ọ̀rọ̀ máa jókòó sí. Àwòrán tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kì í ṣe àwòrán inú ìwé, bó ti wù kó dára tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé sínú ìwé, ojú ewé kan ti tó. Kí iye àwòrán àti ìwọ̀n wọn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí àwòrán àkọ́yà máa dé àti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ máa parí. Kó sọ iye ìgbà tí wọ́n lè ní kó tún un ṣe láìfi owó kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó fún ẹni tó mọ ohun tó ń fẹ́. Kó gba owó àsansílẹ̀ kó tó fi ọwọ́ kan pẹ́ńsù, ìdajì ló bójú mu. Kó tún sọ ohun tí wọ́n máa lo àwòrán náà fún, nítorí ẹni tó sanwó fún ìwé kò tíì sanwó fún kàlẹ́ńdà tàbí aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán sí. Ìbátan kò ní kí àdéhùn má wà. Ìwé pélébé yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tún lè jọ jókòó níbi ìgbéyàwó.

Òfin wà lẹ́yìn ayàwòrán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, sọ pé ayàwòrán aládàáni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ló ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Bákan náà, kò sẹ́ni tó lè gba gbogbo ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀dọ́ ka ìwé tí ilé iṣẹ́ bá gbé síwájú rẹ̀ dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé gbogbo ẹ̀tọ́ ti di tiwọn títí ayé, kó béèrè owó tó tó títí ayé, tàbí kó ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ ojú ènìyàn ló ń wá jù lẹ́yìn iṣẹ́ ìwé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́, ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin, bí ọ̀sẹ̀ náà bá sì ti parí, àwọn ènìyàn á máa wá ẹni tó máa yà wọ́n. Fọ́tò inú fóònù ni wọ́n sábà máa ń mú wá, èyí tó ti kọjá lórí WhatsApp lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́fà. Kí ọ̀dọ́ béèrè èyí tó ti inú fóònù ẹni tó yà á gangan wá, kó béèrè òmíràn tí wọ́n yà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó sì ní kí wọ́n fún òun ní èérún aṣọ náà, nítorí fóònù kì í sọ òótọ́ nípa àwọ̀ alárì tàbí sányán.

Ọ̀dà dúdú inú tíúbù kì í ṣe àwọ̀ ènìyàn dúdú. Ojú tí wọ́n fi í yà máa ń rí bí èédú, kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Burnt umber àti ultramarine ni kó pò fún ibi tó ṣókùnkùn, kí ultramarine má pọ̀ jù. Kó fi burnt sienna àti yellow ochre gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ibi egungun imú sókè. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń dán ní iwájú orí, kí ó má sáré mú ọ̀dà funfun: ojú ọ̀run ló ń tàn síbẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Òjìji abẹ́ gèlè máa ń mú lára àwọ̀ gèlè fúnra rẹ̀. Bí gèlè bá pupa, kí pupa díẹ̀ wọ òjìji iwájú orí, ojú náà á sì jókòó sábẹ́ gèlè dáadáa. Ìlà ara aṣọ òkè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí aṣọ ṣe ṣẹ́po. Ìlà tó bá lọ tààrà kọjá lórí orúnkún ẹni tó jókòó ń sọ pé ayàwòrán kò wo aṣọ náà, fọ́tò nìkan ló wò.

Ní ti ilé ìpàtẹ, kí ọ̀dọ́ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó gbé iṣẹ́ lọ. Nike Art Gallery ní Lekki, tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀, ní àjà márùn-ún tó kún fún iṣẹ́ oríṣiríṣi. Terra Kulture wà ní Victoria Island. Láti 2016 ni àwọn olùra àti ilé ìpàtẹ láti òkè òkun ti ń wá sí ìpàtẹ ọnà ART X Lagos. Ibi tí iṣẹ́ kan bá ti máa rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í ṣe ibi tó lókìkí jù. Ilé ìpàtẹ sábà máa ń mú láti ìdá mẹ́ta sí ìdajì owó àwòrán. Ó ń dun ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n owó ilé, iná, ìpolówó àti orúkọ tí àwọn olùra fọkàn tán ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwòrán sí Lekki ní iye kan, tó sì ń ta irú rẹ̀ nílé ní ìdajì, ti tan ilé ìpàtẹ àti olùra. Iye kan náà ni kó máa pè níbi gbogbo. Kó gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbogbo àwòrán tó bá gbé sílẹ̀, èyí tó sọ orúkọ iṣẹ́, ìwọ̀n, iye owó, ìpín ilé ìpàtẹ, ọjọ́ tí wọ́n máa dá èyí tí kò tà padà, àti ẹni tó máa san án bí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwòrán tó bá jáde kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́ lára ògiri olówó rẹ̀. Ọ̀rinrin àsìkò òjò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn káńfáàsì bu, ikán sì fẹ́ràn igi tí kò gbẹ. Kí wọ́n lo igi tó gbẹ dáadáa tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, kí wọ́n má sì gbé àwòrán ti ògiri tó ń tutù. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni òróró rẹ̀ ń fà tó fi ń le, ìdí nìyẹn tí ìpele òkè fi gbọ́dọ̀ ní òróró ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kó má baà sán. Ó tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí wọ́n tó lè fi fáníìṣì sí i. Ẹni tí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, acrylic ni kó lò.

Ohun tó kẹ́yìn ni àkọsílẹ̀. Ben Enwonwu ya àwòrán tí wọ́n ń pè ní Tutu ní 1974. Ní 2017 ni wọ́n rí i nínú ilé kan ní London, ní 2018 wọ́n tà á ní gbàǹjo Bonhams ní £1,205,000. Enwonwu ti kú láti 1994. Òfin Nàìjíríà fún ayàwòrán ní ẹ̀tọ́ sí ìpín nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá tún un tà ní gbàǹjo tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ sì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó bá kú, ìyẹn ni pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè béèrè ohun tí wọn kò mọ̀. Ìwé tó bá ní fọ́tò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n, ọdún, ẹni tó rà á àti iye tó san, ni yóò sọ fún wọn. Kí ọ̀dọ́ ayàwòrán tí kò tíì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, kí iṣẹ́ tó wà lórí igi rẹ̀ báyìí jẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀.